Ìṣẹ́jú Mọ́kàndínláàdọ́ta ti Verna

Ọdún mọ́kànlá lèmi àti Verna Sobczak ti jọ wà nílé ìdáná iléèwé àwọn ọmọ kéékèèké tó wà létí adágún. Èmi ló ń gé nǹkan, òun ló ń sè é. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ó kúrú, ìdí ẹ̀ fẹ̀ dáadáa, orúnkún ọ̀tún ẹ̀ sì máa ń dún kẹ́kẹ́ tó bá ń gun àtẹ̀gùn. Tẹ́ ẹ bá rí i níbi tó ti ń ro ọbẹ̀, kò ní wá sí yín lọ́kàn pé obìnrin yìí ń sá eré ìje.

Àmọ́ láàárọ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́, tí gbogbo ilé máa ń jẹ tòlótòló níparí oṣù kọkànlá, kí ẹran náà tó jinná nínú ààrò, gbogbo ìlú wa ló ń jáde sá máìlì márùn-ún. Lọ́dún tí Verna kọ́kọ́ sá a, ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàdọ́ta ló gbà á. Lọ́dún kejì, ó di méjìléláàdọ́ta. Léṣìí, ó di àádọ́ta ìṣẹ́jú àti sẹ́kọ́ńdì mẹ́rìnlá. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́rìnlá yẹn ni ò jẹ́ kó gbádùn. Ìwé ìròyìn ìlú máa ń tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó sáré jáde lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí kálukú lò. Ohun kan ṣoṣo tí Verna ń wá ni kó rí mọ́kàndínláàdọ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ló ti ń jí ní aago márùn-ún lọ sáré létí adágún, tá á sì wọlé bá mi níbi iṣẹ́ pẹ̀lú òórùn òróró ìpara tó ń ta wá nímú. Norbert ọkọ ẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń lé e.

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi," ó dá a lóhùn. "Èmi ni mò ń lé nǹkan."

Nígbà tọ́jọ́ pé, òtútù burú. Omi imú ń dì kó tó kán sílẹ̀. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, súwẹ́tà àlòkù la máa ń wọ̀ lé aṣọ eré. Tára bá ti gbóná, a ó bọ́ ọ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì á sì kó gbogbo ẹ̀ sọ́kọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ fáwọn tí ò ní. Súwẹ́tà Norbert ni Verna wọ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀. Láti alẹ́ àná ló ti fi pínnì mẹ́rin kan nọ́mbà eré ẹ̀ mọ́ ọn láyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí nọ́mbà yẹn o, torí nǹkan kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń mọ ìgbà téèyàn gbéra àti ìgbà tó dé.

Wọ́n gbéra. Ní máìlì kìíní, ọkùnrin kan tó múra bíi tòlótòló, pẹ̀lú ìrù àti ìyẹ́, yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màámi, ẹ ẹ̀ rí i pé ẹran ọ̀sán yín ti fẹ́ yà yín sílẹ̀?"

"Máa sáré lọ," Verna sọ. "Ọ̀bẹ wà lẹ́yìn ẹ."

Nígbà tó fi máa pé máìlì méjì, òógùn ti bò ó. Ó bọ́ súwẹ́tà, ó jù ú sórí koríko, ara ẹ̀ sì fúyẹ́. Ó ti sá kọjá ilé mẹ́ta kó tó fọwọ́ kan àyà, tó wá rí i pé kò sí nọ́mbà níbẹ̀.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹsẹ̀ òun fẹ́ yí padà. Àmọ́ tó bá padà sáàárín èrò tó ń ya bọ̀ yẹn, ìṣẹ́jú kan ti lọ nìyẹn, mọ́kàndínláàdọ́ta sì ti bá a lọ. Tí ò bá padà, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ pó wá. Ó ní òun kàn rò ó pé oṣù mẹ́rin lòun fi wá ìṣẹ́jú yìí, òun á kọ́kọ́ rí i ná. Ó ń sá lọ.

Èmi àti Norbert wà níbi tí eré ti ń parí, tíì gbígbóná wà lọ́wọ́ wa. Mo rí i tó ń bọ̀, ojú ẹ̀ pọ́n bíi tòmátì, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Mo wo aago ńlá tó wà lókè: ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàdọ́ta àti sẹ́kọ́ńdì méjìdínlógójì. Òun náà gbójú sókè, ó rí i. Ó jókòó sórí yìnyín, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi lẹ ìwé àbájáde mọ́ ògiri. Norbert lọ wò ó, ó sì sáré padà wá. Verna ló gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, pẹ̀lú ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Páì elégédé tó fẹ̀ tó ọpọ́n, tó jẹ́ ẹ̀bùn ipò náà, sì ń dúró dè é. Gretchen Hauck, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gba páì yẹn lọ́dọọdún, wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ṣé ẹsẹ̀ tuntun ló lọ rà ni. Ẹ̀rín ẹ̀ ò dénú.

Verna ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti yé e. Ọkọ̀ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì gba ọ̀nà àbùjá ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n wọ́ àpò aṣọ kọjá lórí rọ́bà tí wọ́n tẹ́ síbi tí eré ti ń parí, tí ẹ̀rọ fi ń ka ẹni tó bá dé, ẹ̀rọ sì ka súwẹ́tà.

Ó lọ bá Delbert, bàbá tó ń bójú tó ìwé àbájáde. Mo tẹ̀ lé e. Delbert ní ẹ̀rọ kì í purọ́.

"Kò purọ́," Verna sọ. "Súwẹ́tà ọkọ mi ló dé ní mọ́kànlélógójì. Ọkọ̀ ló wọ̀ wá."

Delbert bọ́ awò ojú ẹ̀. "Mo lè pa á rẹ́, Verna. Àmọ́ mi ò lè kọ òmíràn dípò ẹ̀. Orúkọ ẹ ò ní jáde rárá, àfi bíi pé o ò wá."

Mo mọ Verna, ó ń ṣírò ẹ̀ nínú. Tó bá panu mọ́, orúkọ ẹ̀ á wà nínú ìwé ìròyìn lọ́la, ó sì máa gbé páì lọ sílé. Gretchen wà nítòsí, ó ń tú okùn bàtà ẹ̀.

"Pa á rẹ́," Verna sọ.

Gretchen ló gba páì. Ó fẹ́ gé ìdajì fún un, Verna ní rárá, òun ti dáná sílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo yà kí wọn. Ọbẹ̀ eegun tòlótòló àná wà lórí iná, ìwé ìròyìn wà lórí tábìlì, Verna sì ti kà á láti òkè délẹ̀. Sobczak kankan ò sí níbẹ̀. Norbert mi orí, ó ní ó dun òun pé wọ́n pa á rẹ́.

"Mọ́kànlélógójì ni wọ́n pa rẹ́," Verna sọ, ó ń bu ọbẹ̀ fún mi. "Wọn ò fọwọ́ kan tèmi."