Ìlànà Tí Mo Kọ Fún Àpótí Onígíláàsì Kan

Òórùn sítáàṣì gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọ ilé ìkàwé yunifásítì tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe mi. N kò ní dárúkọ yunifásítì náà. Kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ìyẹn náà ti tó. Òórùn yẹn jọ ti ilé alágbàfọ̀ ju ti ilé ìmọ̀ lọ, ó sì máa ń bí mi nínú, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ni. Oṣù mẹ́ta péré ni mo lò lọ́hùn-ún, àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ bí mo ṣe ń fi imú sọ̀rọ̀, ẹ óò rò pé ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá ńlá mi sí. Mo gbé àpò kan dé tó kún fún ìwé pẹlẹbẹ láti àwọn ilé ìkàwé ńláńlá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni èyí tó ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń béèrè àyè láti pàtẹ nǹkan sínú ilé ìkàwé, àti bí wọ́n ṣe ń pàtẹ rẹ̀.

Ọdún tó le ni. Ìwé tuntun kò wọlé mọ́, iná mànàmáná ń yọjú bí àna tó ń bínú, àwọn olùkọ́ wa kan sì ń fi mọ́tò wọn gbé èrò láti Ìgbàrà-Òkè wọ Àkúrẹ́ kí wọ́n tó wá kọ́ni. Àsìkò yẹn ni ọ̀gá àgbà ilé ìkàwé wa, ọkùnrin kan tó máa ń de táì mọ́rùn nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà, pè mí pé kí n kọ ìlànà ìpàtẹ fún wa, kí àwa náà lè bá ayé mu. Àpótí onígíláàsì kan ṣoṣo la ní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, bíríkì la fi tì í. Mo kọ ojú ewé mọ́kàndínlógún fún un. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi wo ilé ẹlòmíràn.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ nǹkan gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, kó sì ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìwé ìdánwò àtijọ́ la fi ń kọ lẹ́tà. Mo kọ ìwọ̀n ooru tí yàrá àpótí náà kò gbọ́dọ̀ kọjá, mi ò sì bi ara mi léèrè ohun tí a óò fi wọ̀n ọ́n. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun ìpàtẹ láìwọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé pósí ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, nìkan la ti rí irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ yá, nítorí náà tí a bá fẹ́ ṣí àpótí, a ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ béèrè bóyá wọn kò ní òkú sin lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìlànà kẹsàn-án ni mo fi ń yangàn jù: oúnjẹ, tàbí ohunkóhun tí a fi oúnjẹ ṣe, kò gbọ́dọ̀ wọnú àpótí, kí kòkòrò má baà tẹ̀lé e.

Obìnrin ará Oǹdó kan ló jẹ́ olórí yàrá ìdìwé wa. Ìyá Adìwé là ń pè é, àwọn méjì ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tí gọ́ọ̀mù tán lọ́jà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro sítáàṣì ẹ̀gẹ́. Nígbà tí aṣọ tí wọ́n fi ń dìwé tán, ó lọ bá àwọn oníbúrẹ́dì, ó gba àpò fùláwà, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́. Páálí mílíìkì ló fi ń ṣe èèpo ìwé. Ìwé kẹ́mísírì kan wà tí àwọn ọmọ iléèwé kò mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, wọ́n á kàn ní, “Ẹ bá wa mú alápò fùláwà.” Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwé tó ṣì ṣeé ṣí láì tú ká, ọwọ́ obìnrin yìí ló ti kọjá.

Ìgbà náà la gbọ́ pé ìjọba ń rán àwọn kan bọ̀ wá wo ẹ̀ka tí wọ́n máa gé kúrò. Yàrá ìdìwé ló wà lókè pátápátá nínú àwọn orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní kí a pàtẹ nǹkan dè wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Adìwé wá sí ọ́fíìsì mi.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi wo fọ́ọ̀mù yìí. Mo kọ ọ́ ní mẹ́ta bí ẹ ṣe wí.”

Ó fẹ́ to ìwé méjìlá: mẹ́fà tó ti fàya, mẹ́fà tó ti dì, kí àlejò fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n fẹ́ gé. Mo kà á, mo mi orí bí adájọ́.

“Kí lẹ fi lẹ̀ wọ́n, Màmá?”

“Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni.”

“Ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ?”

“Èwo ló tún wà?”

“Ẹ má bínú, oúnjẹ nìyẹn. Ìlànà kẹsàn-án kò gbà á. Nítorí kòkòrò ni.”

Ó wò mí láti orí dé bàtà tí mo rà bọ̀ láti òkè òkun. “Ìwé yìí ti wà lórí pẹpẹ lọ́dún mẹ́rin, kòkòrò ò jẹ ẹ́. Ó ń dúró de gíláàsì ni?”

Akọ̀wé mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, torí láìsí i, bóyá ǹ bá gbà. Mo ní tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí àlejò dé. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí tèmi pọ̀ jù, ẹlòmíràn ló pa.

Ìwé ọrẹ láti òkè òkun la kó sínú àpótí, èèpo wọn ń dán bíi góòlù, kò sẹ́ni tó ṣí wọn rí. Ọ̀kan jẹ́ ìwé òfin tó sọ bí onílé ṣe gbọ́dọ̀ gbá yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àárín gbùngbùn la fi fọ́tò ọ̀gá àgbà sí, níbi tó ti ń bọ òyìnbó kan lọ́wọ́. Olórí àwọn àlejò tẹ̀ ba, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, “Àwọn ìwé yín mà dára o. Ta wá ni àwọn adìwé yìí ń dìwé fún?”

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sà.”

Pẹpẹ àwọn ìwé tí Ìyá Adìwé ti dì wà lẹ́yìn ògiri. Ká ní mo sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà síbí,” ìṣísẹ̀ ogún péré ni wọn ì bá rìn. Mo ń fa ìbọ̀wọ́ mi tọ́. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti ti yàrá ìdìwé pa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba ìwé lọọlé.

Kò pẹ́ tí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Okùn ni mo fi ń dì wọ́n bí ẹni di igi ìdáná, èmi tí mo ti òkè òkun dé. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ lé wa síta torí ìwé tó ń tú, ọ̀gá àgbà rán mi lọ sí Oǹdó, kí n bẹ Màmá kó wá fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wa. Mo bá a ní pálọ̀ rẹ̀, ìwé orin ìsìn àti Bíbélì ga yí i ká.

“Jókòó, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?”

Ibẹ̀ ni kò ti pè mí ní ọ̀gá mọ́. Mo jíṣẹ́. Kò dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró. “Ọwọ́ mi dí. Ìkórè ń bọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń du ìwé orin.” Ó fa òwú, ó gé e. “Wọ́n ní o wà níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin yẹn béèrè ẹni tí mò ń dìwé fún. Kí lo sọ?”

“N kò sọ nǹkan kan, Màmá.”

“Ẹn-ẹn,” ló wí, ó sì mú ìwé orin mìíràn.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Wọ́n ṣì máa ń pè mí pé kí n wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìlànà ìpàtẹ. Mo máa ń lọ, mo máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa, wọn a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n sọ ìpàtẹ tó dára jù tí mo rí láyé mi, mo máa ń dárúkọ ìlú òyìnbó kan fún wọn. N kò tíì lè sọ fún wọn pé orí fọ́ọ̀mù ni mo ti rí i, ní ẹ̀dà mẹ́ta, àti pé ọwọ́ mi ni mo fi kọ “rárá” sí i.