Iná Ràhmán

Bí o bá ń wá Ràhmán mẹkáníìkì ní N'Gattakro, àdúgbò kan ní Bouaké, Ràhmán Iná ni kí o béèrè. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa takisí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ọkọ̀ á máa fò bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Bouaké nílẹ̀ àjèjì ni, olórí kunkun sì ni.

Ọgbọ́n rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì, písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò, á gòkè láti fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀, kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i. Bí iná bá pẹ́, agbára á bá èéfín lọ. Bó bá yá jù, á pàdé písítìnì lọ́nà, á gbá a lórí. Ràhmán fẹ́ràn kí iná yá díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, èèyàn ò ní mọ àléébù ibẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ láti ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò sì jọ àìsàn tí wọ́n ń dìde níbẹ̀. Sèlíátù, ìyá Ràhmán, ń ta aṣọ ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Ó fẹ́ fojú kàn án kó tó pẹ́ jù. Ràhmán ní òun ni yóò gbé e lọ. Ó tún ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ṣe, ó wà á yí àdúgbò ká, ọkọ̀ ń fò. Èmi, aládùúgbò wọn, ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, ìyá kó ẹrù jáde: aṣọ, abọ́, àpò àtìyéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Ta ni ò mọ̀ pé Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, kì í lọ sílé lọ́wọ́ òfo? Ràhmán nìkan ló gbàgbé. Àpò wà lórí itan mi ní ìjókòó ẹ̀yìn. A ò tíì gun òkè àkọ́kọ́ tán tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kokoko, bí ẹni ń fi òkúta lu agolo. Ràhmán dúró. Ó mọ ohun tó ṣe: iná ti yá jù fún ẹrù náà.

Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kí àwọn dá ẹrù padà, kí ọkọ̀ lè yára. Bí òun bá fa iná sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́, wíwọ́ ni ọkọ̀ yóò máa wọ́ títí dé ilé. Bí wọ́n bá pẹ́ jù ńkọ́?

Ìyá wò ó. "Aṣọ tí mo kọ́kọ́ tà láyé mi, ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e fún mi. Mi ò lè wọlé tọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òfo. Fa iná rẹ sẹ́yìn, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró dè mí."

Ràhmán tú nọ́ọ̀tì ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ó yí i sẹ́yìn díẹ̀, ó dè é padà. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ariwo náà dákẹ́. Gbogbo ọkọ̀ ló ń kọjá wa lójú ọ̀nà títí a fi dé.

Ẹ̀gbọ́n ò lè dìde mọ́, ṣùgbọ́n ó dá àbúrò rẹ̀ mọ̀. Sèlíátù tú aṣọ kan, ó fi bò ó, ó bu àtìyéké sí i lẹ́nu. Obìnrin náà jẹ ẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. A sin ín ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ báyìí pé iná Ràhmán ti kú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ̀ wá, kí Ràhmán tó fọwọ́ kan sípánà, á kọ́kọ́ bi í pé:

"Kí lo máa kó? Ta ló sì ń dúró dè ọ́?"