Ohùn Ẹ̀gbọ́n Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọmọ ọdún mẹ́jọ péré ni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ọmọláńgidi. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ ilé wọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ojoojúmọ́ ló ń wá tọrọ àjákù awọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ọmọláńgidi, àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, sà. Bàtà ni wọn ò ní."

Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín títí, á sì gé awọ fún un.

Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún báyìí. Orúkọ náà ò kúrò lára rẹ̀. Iṣẹ́ náà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà rèé. Á fi aṣọ àti wáyà àti òwú ṣe ènìyàn kékeré, á gbé e sórí tábìlì, á ya fọ́tò rẹ̀. Á sún apá rẹ̀ díẹ̀, bí ìbú eyín kan. Á tún yà á. Fọ́tò méjìlá, kí ènìyàn kékeré náà tó lè gbé ọwọ́ dé àgbọ̀n lásán. Bí a bá wá ń wo àwọn fọ́tò náà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kíákíá, ọmọláńgidi á máa rìn, á máa mí, á máa bínú.

Oòrùn ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Bí oòrùn bá rìn lójú ọ̀run, òjìji á rìn lórí tábìlì, gbogbo fọ́tò àárọ̀ á sì bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kan búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé. Láti ọdún mẹ́wàá wá, ilẹ̀ ò mọ́ rí nínú yàrá yẹn. Iná tábìlì kan. Òórùn gọ́ọ̀mù. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ní igun.

Méjì ni wọ́n nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Òun ni ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, ni ohùn.

Bàbá arúgbó kan ni wọ́n jọ dá sílẹ̀. Bàbá Kékeré. Kò ga ju ìgò omi lọ, òwú ni irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ń ráhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Awò ojú rẹ̀ ló máa ń wá. Orí rẹ̀ ni awò náà sì máa ń wà. "Ta ló jí ojú mi gbé?" Ohùn gbígbẹ, ohùn híhan, bí ìlẹ̀kùn tí kò rí òróró láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tó lè rò pé ọ̀fun ọmọdébìnrin ọmọ ọdún méjìlá ló ti ń jáde.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀ ló ń gbé ariwo ìta mì. Ẹ̀gbọ́n á wọ inú rẹ̀, á jókòó sáàárín ẹ̀wù ìyá wọn. Àbúrò á kúnlẹ̀ síta, á na fóònù ìyá wọn sí i láti inú àlàfo ìlẹ̀kùn.

Fóònù kan ṣoṣo ni ìdílé náà ní, inú rẹ̀ ò sì gba nǹkan púpọ̀. Àbúrò ló wá ọgbọ́n sí i. Bí wọ́n bá ti gba ohùn tán, á gé e. Ibi tí Bàbá Kékeré bá ti la ẹnu ni á ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá ti pa ẹnu dé ni á parí sí. Gbogbo ìyókù, pípa rẹ́. Fóònù á bi í pé, *Ṣé o fẹ́ pa á rẹ́ pátápátá?* Á tẹ bẹ́ẹ̀ni.

Ìyókù yẹn ni ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ikọ́ rẹ̀. "Gbé e súnmọ́ mi jàre, ọlọ́wọ́ kúkúrú." "Kọ́bọ́ọ̀dù yìí ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ rẹ." "Ó yá, jẹ́ ká tún un ṣe, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín."

Bẹ́ẹ̀ni. Bẹ́ẹ̀ni. Bẹ́ẹ̀ni.

Ọdún kejì, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ránṣẹ́ pè wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ìyá wọn láàárín, aṣọ iṣẹ́ alágbàfọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Olóòtú tó gbà wọ́n lálejò tẹ́tí sí ohùn tí àbúrò ti gé, ó mi orí. Ó ní, "Ọmọ yìí mọ ọ̀bẹ í lò. Rántí o: ohun tí kì í bá ti í ṣe ọ̀rọ̀, ìdọ̀tí ni." Ọ̀rọ̀ náà wú àbúrò lórí débi pé ó kọ gbólóhùn náà sára ògiri lókè tábìlì.

Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá Kékeré sórí tẹlifíṣọ̀n, ó di ẹni tí ayé mọ̀. Àwọn ọmọdé ń kígbe "Ta ló jí ojú mi gbé?" lójú títì. Wọn ò mọ ẹ̀gbọ́n lójú. Bó bá ń kọjá lọ, á dá wọn lóhùn pẹ̀lú ohùn bàbá náà, wọ́n á sì fọ́n ká pẹ̀lú ìbẹ̀rù àti ayọ̀.

Lẹ́yìn náà, ibà. Ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ló dúró sí. Àbúrò ti fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ báyìí, ó ṣì ń pè é ní ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá Kékeré ò kú. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ìtàn àtijọ́, ó ń rán wọn pọ̀ di ìtàn tuntun. Ó ní "rárá" mọ́kànlélógójì: rárá ìbínú, rárá oorun, rárá ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ọdún méje ló fi ṣe èyí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ ohun tí kò sọ rí, lójoojúmọ́, nínú yàrá tí ilẹ̀ ò ti mọ́ rí.

Kò kà á sí nǹkan. Iṣẹ́ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, òórùn áyọ́ọ̀nù ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Kì í sábà wọlé.

"Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ níṣẹ́."

"Ẹ wí, oníbàárà mi àtàtà."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. "Wá ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ fún mi."

"Ohùn rẹ̀ kọ́ ló kún ibí yìí, Màámi?"

"Ohùn bàbá arúgbó ló kún ibí yìí. Ti ọmọ mi ni mò ń wí. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èébú náà dáa."

"Yóò wà níbẹ̀, Màámi. Kò lè má wà níbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wá a. Ó ṣí gbogbo ohùn tó wà nípamọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tí bàbá ti la ẹnu, ó parí gẹ́lẹ́ níbi tó ti pa á dé. Bí èékánná tí wọ́n gé dé ẹran. Kò sí èémí kan ṣoṣo tó yọ́ kọjá. Ó mọ ọ̀bẹ í lò lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó mú un dìde kúrò nídìí tábìlì. Ó jókòó, ó di ojú, ó ní kí òun kàn rántí. Ìbọ̀sẹ̀. Ọlọ́wọ́ kúkúrú. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wá, wọ́n pé. Ṣùgbọ́n ohùn Bàbá Kékeré ni wọ́n fi wá. *Kọ́bọ́ọ̀dù yìí ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ rẹ*, híhan, gbígbẹ. Ó tún un rántí. Bákan náà. Àní ẹ̀rín pàápàá. Ó fi ọwọ́ di etí, bí ẹni pé ìta ló ti ń wọlé.

Ká ní ó sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó padà sídìí iṣẹ́.

Ó já "Màámi" láti inú ìtàn tí Bàbá Kékeré ti ń sunkún lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ó já "ẹ káàárọ̀" láti ibi tó ti ń kí aládùúgbò tó kórìíra. "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" láti ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó rán wọn pọ̀. Ó wá ń gbé ohùn náà sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń bó ogbó kúrò lára rẹ̀ bí ẹní ń bó èèpo, títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ohùn ọmọdébìnrin ni. Inú yàrá náà ló wà, ó súnmọ́ tòsí. Ó wo ẹ̀yìn kó tó mọ̀ pé òun wo ẹ̀yìn. Ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wà ní títì. Kò mọ̀ bóyá ohùn ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn lóòótọ́. Kò ní ohun tó lè fi wé e mọ́.

Ó fi í sórí fóònù ìyá rẹ̀.

Ìyá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

"Ibo lo ti rí i?"

"Ó há sábẹ́ àwọn yòókù ni."

"Ẹ ṣeun," ni ìyá wí, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni kinní ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ọmọ á gbọ́ ohùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán: *Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?* Ìyá á sì dáhùn. "Mo sùn dáadáa, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́?" Dídákẹ́ díẹ̀. Bí ẹni tó ń fún ẹnìkejì láyè. "Ẹn-ẹ́n. Ó dáa."

Ọjọ́ mọ́kànlá. Lórí tábìlì, ọmọ náà sún Bàbá Kékeré, ó ya fọ́tò, ó sún un, ó gbàgbé láti yà á. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ìdákẹ́ díẹ̀ yẹn, àti ẹni tí ìyá rẹ̀ ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, wọ́n jọ ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ìyá gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹnì kan ní orí, ẹnì kan ní ẹsẹ̀, aṣọ funfun láàárín wọn. Wọ́n á rìn pàdé ara wọn, ìyá á gba etí rẹ̀, ọmọ á padà sẹ́yìn. Orí aṣọ kẹfà ni wọ́n wà nígbà tí ìyá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ náà.

"Ọjọ́ wo lo fẹ́ sọ fún mi?"

Ọwọ́ ọmọ dúró. "Kí ni, Màámi?"

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi tọ́ ọmọ yẹn. Kò kí mi láàárọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí."

Ìyá na etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bó bá jí, ojú á le koko, bí ẹni tí wọ́n jà lólè lójú oorun. Títí yóò fi jẹun, o ò lè rí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo bá a jà títí. Mo ní, ta lo fi ìwà jọ? Ìwọ lò ń kíni. Ẹnu tìẹ ti máa ń ṣí kó o tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn."

"Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́?"

"Kó tó sọ̀rọ̀ tán."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń dá a lóhùn?"

"Ó kí mi ni. Wọ́n á kí ènìyàn, kó má dáhùn?"

Ọmọ náà jẹ́ kí aṣọ bọ́ sílẹ̀. "Kò sí èyí tó kù, Màámi. Èmi ni mo gé gbogbo rẹ̀ dànù. Èmi ni mo ń tẹ bẹ́ẹ̀ni. Mi ò rántí bí ohùn rẹ̀ ṣe rí mọ́."

Ìyá lè tù ú nínú. Ó lè ní ọmọdé ni ẹ́ nígbà yẹn. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ sí ìyẹn," ni ó wí.

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó nà án sí i. Ọmọ gbà á. Ó wá ìkíni náà jáde. *Ṣé o fẹ́ pa á rẹ́ pátápátá?* Ọwọ́ tó ti tẹ bẹ́ẹ̀ni láìmọye ìgbà kọ̀, kò lọ. Ìyá ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ló tẹ̀ ẹ́, ló sì gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì nílẹ̀.

"Di etí aṣọ tìẹ mú."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ láìsí ohùn kankan lẹ́yìn ògiri. Ọmọ náà dùbúlẹ̀, ó ń retí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gé búrẹ́dì. Ọmọ ti la ẹnu láti kí i, bó ṣe máa ń ṣe.

"Ojú líle koko yẹn náà lo tún gbé jí yìí," ni ìyá wí, kò yíjú padà. "Ọmọ yìí, o ò rí mi níbí ni? Ṣé igi ni mí?"

Ọmọ dúró. Ìkíni ti dé ètè rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ọ̀bẹ tó ń lọ tó ń bọ̀, èjìká tó ń dúró de nǹkan.

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó fa àga, ó jókòó, ó fajú ro.

"Ẹ wo ojú! Ta lo tiẹ̀ fi ìwà jọ nínú ilé yìí?" Ìyá gbé àwo búrẹ́dì kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbá a lórí fẹ́ẹ́rẹ́. "Jẹun, kó o lè rí ẹnu fi sọ̀rọ̀."

Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti fi ohùn yẹn bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kò fi í bá èyí sọ̀rọ̀ rí.