Adìẹ Télọ̀ Tó Sá Lọ sí Ṣàrẹ́

Mo fi orúnkún tẹ àgbébọ̀ náà mọ́lẹ̀, mo ń fi abẹ gé aṣọ pupa tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ń ké. Òórùn ìgbẹ́ adìẹ àti èèrí tó ti kan gba imú mi. Mo ti gé ti gbogbo àwọn yòókù. Ó ku àkùkọ.

Ẹ má bínú pé mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà nílùú, a sì jọ ń kí ara wa.

Télọ̀ kan wà ní agbo ilé tó kángun sí tiwa. Òmìnira dé, òṣèlú tẹ̀lé e, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní kó rán fìlà fún àwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ̀. Wọ́n fọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ mọ́ bá a nílùú. Ó sá lọ sí Ṣàrẹ́, ó fi adìẹ rẹ̀ lé ìyá bàbá mi lọ́wọ́.

Ládùúgbò wa, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ aṣọ tó ń so mọ́ adìẹ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n má baà dàpọ̀. Tiwa funfun. Ti télọ̀ pupa, láti ara àjákù abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sá nílùú, tí wọ́n pa adìẹ rẹ̀ jẹ, ó tán nìyẹn: wọ́n ti kà á sí ẹni tí kò nílé mọ́. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹn ń wá gan-an nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹran ń wù wọ́n jẹ.

Láràárọ̀, Ìyá àgbà á ṣí àgò, á da èèrí sílẹ̀, á máa pariwo pè wọ́n, “Kúrú, kúrú, kúrú!” Èmi ni mo ń lọ wa ikán fáwọn òròmọdìẹ. Àwọn aládùúgbò ní kó rọra máa pè wọ́n. Á ní, “Ṣé mo jí wọn ni?”

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbọ́ létí kànga pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá kó adìẹ télọ̀. Mo sáré wálé, mo mú abẹ. Mo rò pé mò ń gbà wá là ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ti àkùkọ tán ni Ìyá àgbà bá mi níbẹ̀, ó wo àjákù pupa tó kún ọwọ́ mi.

“Ta ló ni adìẹ yìí báyìí?”

“Tiwa ni, mà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. O ti bá wọn lé télọ̀ lọ pátápátá.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí àwọn mẹ́ta wọlé. Ọ̀gá wọn ní, “Ìyá, adìẹ télọ̀ dà?”

Kò sí pupa lẹ́sẹ̀ èyíkéyìí. Kí Ìyá àgbà ṣáà dákẹ́ ni. Ojú ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Ó fa àpótí, ó jókòó. “Ọmọ yìí, mú àkùkọ yẹn wá.” Ó so pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n mú òmíràn wá. Nígbà tí ti télọ̀ tán, ó tú funfun kúrò lẹ́sẹ̀ tiwa, ó ń so pupa mọ́ ọn.

“Ìyá, àbí télọ̀ ti fẹ́ yín ni?”

“Ó ti fẹ́ mi. Ìwọ lo máa ru ẹrù mi dé Ṣàrẹ́.”

Àwọn méjì yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀gá wọn le. Ó ta àgò nípàá. “A ó dáná sun ilé yìí o!”

“Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ. Mú wọn níṣojú mi.”

Àwọn aládùúgbò ti jáde, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń wò. Ọkùnrin náà wo adìẹ, ó wo èrò, ó jáde. Kò mú ọ̀kankan.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá àgbà ní kí n fún òun lómi. Igbá gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, omi dà sí i láyà. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń bà á láti ọjọ́ yìí wá.

Nígbà tí ológun fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú, tí a sì di ará Kwara, télọ̀ padà wálé. Òrùlé rẹ̀ ti ń jò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò nílé.

Ojo ni mí títí dòní. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì níwájú ilé, n kì í tètè ṣílẹ̀kùn. Lọ́dún kan, níbi iṣẹ́ mi, wọ́n gbé ìwé ẹ̀sùn kan wá kí gbogbo wa fọwọ́ sí i, lórí obìnrin kan tí kò sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Nígbà tó kàn mí, ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé bírò bọ́. Mo ṣà á nílẹ̀. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ líle kankan sọ bíi ti Ìyá àgbà. Mo kàn dá ìwé wọn padà fún wọn bí mo ṣe gbà á.