Abala Kẹrìnlá Tí Adájọ́ Kankan Kò Tíì Túmọ̀

Bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà, tí ẹ sì gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń bá ògiri jà lókè, ẹ má sá. Lọ́yà ni. Àwọn akọ̀wé kóòtù ń pè é ní Ìyá Abala, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní fa abala òfin kan yọ nínú rẹ̀, títí dórí ọ̀rọ̀ ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò nílé ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ti gba kámú. Ó ní ìyàwó méjì ló wà nílé òun, obìnrin yìí àti abala kẹrìnlá, àti pé ìyàwó kejì náà kì í sùn, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sùn.

Abala kẹrìnlá òfin ilé gbígbé kò gùn rárá. Ó ní onílé kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni tó ń gbé inú ilé rẹ̀ jáde láìgba àṣẹ kóòtù. Ọmọdé á gbọ́ ọ yé. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan wà nílùú náà tó kọ́ yàrá lọ rẹrẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ọjọ́ náà ni wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ síta. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe onílé, pé ẹni tó ń gbowó ilé ni onílé. Wọ́n ní yàrá tí àwọn fún òṣìṣẹ́ dà bí òòlù tí àwọn gbé lé e lọ́wọ́: bí iṣẹ́ bá tán, kó dá òòlù padà.

Àwọn adájọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wà nínú ìwé ni wọ́n ń kà á, wọn kì í wọ̀tún, wọn kì í wòsì. Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ wádìí ohun tó bí òfin náà. Ìyá Abala mọ ohun tó bí abala kẹrìnlá: ọdún tí àwọn onílé ń da odidi ìdílé sínú òjò ni àwọn aṣòfin ṣe é. Ó dá a lójú pé ọ̀nà yòówù kí adájọ́ gbà wò ó, òun ní ohun tí òun lè sọ. Adájọ́ tó máa wò ó náà ni kò rí.

Kì í ṣe pé ó ń pàdánù o. Ìbá sàn kó máa pàdánù! Ẹni tó bá pàdánù lè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù òkè. Ọlọ́dẹ kan tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ gbẹjọ́ rò fún. Ó ku díẹ̀ kí adájọ́ ka ìdájọ́, ilé iṣẹ́ dá ọlọ́dẹ padà sí yàrá rẹ̀. Ọlọ́dẹ jó, ẹjọ́ kú. Ó gbẹjọ́ rò fún awakọ̀, bákan náà. Ó gbẹjọ́ rò fún alásè, bákan náà. Níwọ̀n ìgbà tí ìjà ti parí, kóòtù kò ní ohun tí yóò dá mọ́. Abala kẹrìnlá á wà níbẹ̀ láìtúmọ̀, wọ́n á sì máa lé àwọn yòókù. Lọ́yà ilé iṣẹ́ náà, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́ torí kò sí ohun tí kì í rọra ṣe, ló gbọ́n ọgbọ́n yìí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí Pẹ̀lẹ́ sọ Ìyá Abala dà nìyẹn, a-pa-làpálàpá. Inú ń bí i débi pé ó ń bá búrẹ́dì àárọ̀ jà.

Nígbà tó yá ni wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀ nílé iṣẹ́ náà dé. Iná tó ta láti ara irin ti ba ojú rẹ̀ kan jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Báńdéèjì ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí wọ́n kó ẹrù òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ síta. Pálọ̀ àna rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sùn. Kí Ìyá Abala tó gba ẹjọ́ náà, ó bi í léèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá gbé kọ́kọ́rọ́ wá kí ìdájọ́ tó jáde ńkọ́?"

"Lọ́yà, ohun tí wọ́n ṣe fún mi yẹn? Kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ààfin wá, n ò gbà á. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí adájọ́ máa sọ."

Ọkàn obìnrin náà balẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, ó rojọ́ bí ẹni pé ọ̀run ni wọ́n ti máa san owó iṣẹ́ rẹ̀. Adájọ́ náà, àgbà obìnrin tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, da ìbéèrè bo àwọn méjèèjì. Nígbà tí Pẹ̀lẹ́ tún gbé òòlù rẹ̀ dé, adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀.

"Lọ́yà, òòlù tí ẹ̀ ń sọ yìí, ṣé ó ń bímọ?"

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Pẹ̀lẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó rọra jókòó. Ìyá Abala délé, ó gbá ọkọ rẹ̀ mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin náà sì bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdájọ́, Pẹ̀lẹ́ ti dúró dè wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n," ó kí Ìyá Abala, ó sì kọjú sí wẹ́dà. "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ilé iṣẹ́ ní kí ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹlòmíràn ti wà ní yàrá yín àtijọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi ti ṣófo. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé."

Wẹ́dà wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀, tó gbé ọmọ tó ń wúkọ́ sẹ́yìn. Ó wá wo lọ́yà rẹ̀.

"Tí n bá kọ̀ ọ́, Lọ́yà, ṣé a máa borí?"

Irọ́ kékeré kan péré ló kù. Kó ṣáà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ire ẹni tó gbé ẹjọ́ wá ló ṣáájú ohun tí lọ́yà ń fẹ́, Ìyá Abala kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rú òfin.

"N kò mọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má bínú sí mi o."

"Ẹ gbà á," ni ó sọ, ó sì yí ojú sí ògiri.

Nínú kóòtù, ìdájọ́ náà wà níwájú adájọ́, ó nípọn, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Pẹ̀lẹ́ dìde, ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ìyá Abala dìde.

"Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n á tún lé ẹlòmíràn."

"Lọ́yà, ẹ mọ̀ pé a kì í dájọ́ fún àwọn tí kò jà." Adájọ́ fi ọwọ́ lé ìwé náà. "Ó dun èmi náà."

Ó fi ìwé náà sí abẹ́ apá, ó wọlé lọ. Kò sí ẹni tó máa mọ ohun tó kọ láéláé. Ìyá Abala ṣí wíìgì lọ́yà rẹ̀, ó fi nu ojú, ó rún un pọ̀ bí àkísà sínú báàgì.

Obìnrin kan ti jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù nígbà tí wọ́n jáde. Alágbàfọ̀ ilé iṣẹ́ náà ni, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wú.

"Ta ni Ìyá Abala nínú yín? Wọ́n ní òun ló máa ń bá èèyàn gba kọ́kọ́rọ́ padà."

"Èmi ni. Ìgbà wo ni wọ́n lé yín?"

"Àná ni. Wọ́n ní ọwọ́ mi ò lè fọṣọ mọ́, pé kí n kó jáde kíá, pé ẹnì kan ń ti kóòtù bọ̀ tó máa lo yàrá náà."

"Yàrá wo?"

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi."

Ìyàwó wẹ́dà ló na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó dì í mọ́ etí aṣọ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá," ni ó wí fún alágbàfọ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. "Àwa náà ní ọmọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wẹ́dà sì tẹ̀ lé e.

Alágbàfọ̀ kọjú sí Ìyá Abala, kò tíì yé e.

"Ẹ bá mi gba tèmi náà, Lọ́yà. Yàrá tó bá ṣáà ti wà, mo gbà á."

Ìyá Abala mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ó sì ti wá mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti ń mú un wá.