Munawwarah àti Fótò Ìyá Alimatou

Káàdì pélébé kan wà nínú àpò Munawwarah tí wọ́n kọ ọ́ sí, lédè Faransé, pé òun ni alákòóso ìkówójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Bassila. Ní Manigri tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó ráyè káàdì. Wọ́n á bi ìyá rẹ̀ pé, "Kí lọmọ yín ń ṣe ní Bassila gan-an?" Ìyá rẹ̀ á ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tówó wà." Kò parọ́. Kò kàn fi kún un pé owó ẹlòmíràn ni, àti pé iṣẹ́ ọmọ òun ni kó máa bẹ àwọn tó ni ín títí wọ́n á fi yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ íńtánẹ́ẹ̀tì ló tú àṣírí: "Agbe ni Munawwarah ń ṣe. Orí àga ló jókòó sí ṣe é."

Bóyá agbe ni. Àmọ́ agbe tó ní ẹ̀kọ́ nínú ni.

Nígbà tó jáde ní yunifásítì Parakou tí kò ríṣẹ́, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìlú òyìnbó. Ìwé tó kọ fún ilé ẹ̀kọ́ Doguè mú àga àti tábìlì wá, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé Bassila. Ẹgbẹ́ aláàánú náà gbà á síṣẹ́, wọ́n fún un ní kọ̀ǹpútà, wọ́n sì rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Cotonou. Ọkùnrin Faransé tó kọ́ wọn níbẹ̀ ní òyìnbó kì í fowó sílẹ̀ fún ìlú, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń fún. Ẹ má sọ fún un pé gbogbo obìnrin abúlé ò rómi. Ẹ fi obìnrin kan hàn án, kó rí ojú rẹ̀, kó mọ orúkọ rẹ̀, kí bọ́tìnì tó máa tẹ̀ sì wà nítòsí kí àánú tó kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó yá, Munawwarah mọ iṣẹ́ náà ju olùkọ́ lọ. Ó mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni àánú máa ń ṣe òyìnbó jù, àti pé kì í dé ọjọ́ Ajé. Ó mọ̀ pé fótò ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín dára nígbà Kérésì, kí wọ́n lo ti àgbàlagbà tí kò rẹ́rìn-ín fún ìyókù ọdún.

Ohun tí kò tíì ṣe ni kó kówó jọ fún Manigri fúnra rẹ̀. Wọ́n sì ń sọ ọ́ sí i létí. Kò síbi tí kò kọ́ nǹkan sí tán, àfi ìlú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ omi mátánítè, ilé ìgbẹ̀bí Manigri, kọṣẹ́ pátápátá, tó di pé aboyún tó ń rọbí ní láti gbé bídọ̀nù omi tirẹ̀ dání, Munawwarah ní ó kan òun. Àwọn agbẹ́kànga kan ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní Alédjo. Ọ̀gá wọn ní bí owó àsansílẹ̀ bá tẹ òun lọ́wọ́ kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ òun á yà sí Manigri. Bí kò bá rí i, wọ́n ń retí òun níbòmíràn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Munawwarah wá ẹni tó máa yà ní fótò, ó sì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, Ìyá Alimatou, opó tó ń gbé lẹ́yìn mátánítè, tó sì máa ń fún àwọn abiyamọ lómi.

"Fótò ni mo fẹ́ yà yín, Ìyá."

"Dúró dè mí."

Nígbà tó máa jáde, ó ti wọ léèsì funfun, ó wé gèlè, ó lé tìróò, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kọ mànà. Ní Manigri, kò sẹ́ni tó ń ya fótò láìmúra. Munawwarah mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, àmọ́ Cotonou ti jẹ́ kó gbàgbé.

"Ìyá, ẹ má bínú, aṣọ tí ẹ bọ́ sílẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́."

"Èyí tí mo fi ń ṣa kajú?"

"Òun ni."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Bí àwọn òyìnbó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ìyá Alimatou wò ó títí. "Àwọn tó ń wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún kiri! Kí ni mo tún ń retí lọ́wọ́ wọn?" Ó wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ìyá."

"Ṣé o rí ẹ̀rín lẹ́nu mi ni?"

Abẹ́ fótò náà ni Munawwarah kọ ọ́ sí pé Alimatou, opó, ń rin ọ̀nà jíjìn lọ pọnmi fún àwọn abiyamọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Kò kọ ọ́ pé opó náà ní ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Taofic tó ń ta táyà ní Cotonou, àti òmíràn, Chakirou, tó ti di èèyàn ńlá ní Libreville. Olùkọ́ ti kìlọ̀ pé kí ọ̀rọ̀ má pọ̀.

Ó gbé e sójú ìwé ìkówójọ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí àwọn agbẹ́kànga ń bèèrè nígbà tí fóònù Munawwarah dún.

"Munawwarah, ta ló sọ fún ọ pé ìyá mi ò lọ́mọ?"

"Ẹ̀gbọ́n Taofic, ẹ káàárọ̀. N ò sọ bẹ́ẹ̀—"

"Oníbàárà tó wá ra táyà lọ́wọ́ mi ló fi hàn mí! Ó ní kí n wá wo obìnrin ọ̀hún-ún Bassila kan bí ìyà ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ti mówó dání! Ó fẹ́ ta ìyá mi lọ́rẹ lójú èmi Taofic!"

Kò dúró gba ẹ̀bẹ̀. Òun àti gbogbo ọmọ Manigri tó mọ̀ ní Cotonou fẹ̀sùn kan ojú ìwé náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ẹ̀tàn ni. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn tó ni ìkànnì náà ti tì í pa, owó inú rẹ̀ sì di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn títí ìwádìí yóò fi parí. Dìrẹ́tọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú náà ní kí Munawwarah kọ̀wé ṣàlàyé sí wọn. Munawwarah mọ̀ pé ìwádìí àwọn yẹn kò mọ Jímọ̀.

Èèyàn kì í dá lọ bẹ ẹni tó ṣẹ̀. Ó lọ wá Bàbá Shehu, àgbàlagbà tó máa ń ṣe àdúà níbi ìpéjọ gbogbo, pé kó sin òun lọ. Nígbà tí wọ́n dé ilé Ìyá Alimatou, ọkọ̀ Taofic ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kó ìrẹsì àti bẹ́ẹ̀dì tuntun wá, àwọn kan sì ti ń kun ògiri.

Munawwarah kúnlẹ̀.

"Taofic," Bàbá Shehu ní, "àbúrò rẹ ti kúnlẹ̀."

"Mo rí i, Bàbá. Kó dìde, kó lọ kúnlẹ̀ fún íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ló ti sọ ìyá mi di alágbe."

Ìyá Alimatou wà lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun náà, wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá rẹ̀. "Ìwọ Taofic, ìgbà wo lo wá síbí kẹ́yìn?"

"Ìyá, ẹ ṣáà mọ̀ bíṣẹ́—"

"Mo ní ìgbà wo?"

"Iléyá."

"Iléyá èwo?"

Taofic yíjú sí àwọn akunlé, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọ̀dà kán sílẹ̀.

Munawwarah wo ojú rẹ̀ láti ilẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí. Iṣẹ́ ló kọ́ ọ láti máa wo ojú. Ó rí i pé ìbínú ọkùnrin náà ti ń wá ibi tó máa jókòó sí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo jẹ̀bi. Màá pa fótò yẹn rẹ́. Àmọ́ àwọn tó ti rí i ti rí i ná. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rí báyìí?"

"Kí wọ́n mọ̀ pé ìyá mi lọ́mọ!"

"Kànga mátánítè ò tíì lórúkọ."

Taofic tẹjú mọ́ ọn. "Munawwarah, ṣé owó lo ń tọrọ lọ́wọ́ mi yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Lórí ìkúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀?"

"Mo ti kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni."

Ìyá Alimatou ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Taofic ti ọwọ́ bọ àpò, ó ń kùn, ó sì gbé owó síwájú Bàbá Shehu. Bàbá Shehu pe orúkọ rẹ̀, ó pe ti bàbá rẹ̀, ó pe ti bàbá bàbá rẹ̀, ó ṣe àdúà fún gbogbo wọn, àwọn akunlé sì gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti ṣe àmín. Munawwarah ti gbohùn náà sínú fóònù. Ó fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Manigri tó wà ní Libreville.

Chakirou ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ṣé Taofic nìkan ni ìyá wa bí ni?"

Ó fowó ránṣẹ́ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán tán. Wọ́n ṣe àdúà tirẹ̀ náà, èyí sì gùn ju ti Taofic lọ díẹ̀, nítorí ó bèèrè fún un. Ọmọ ilé kejì wọn tó wà ní Abidjan gbọ́, ó ní kí wọ́n pe ti bàbá tòun náà. Gbogbo ọdún tí Munawwarah ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ọmọ Manigri kankan ò tẹ bọ́tìnì rẹ̀ rí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e ni. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á fi *merci* dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ta ló ń fi owó rẹ̀ síbi tí wọn kì í ti í ṣe àmín? Nígbà tí oòrùn Ọjọ́bọ̀ fi máa wọ̀, owó àsansílẹ̀ ti pé, ohùn Bàbá Shehu ti há, àwọn tí ò tíì gbọ́ orúkọ wọn sì ń bínú.

Ẹ̀rọ agbẹ́kànga dé. Omi jáde. Ìyá Alimatou gbé àpótí síbẹ̀, ó jókòó, kò sì sí aboyún tó ń pọnmi kọjá tí kò sọ fún pé àwọn ọmọ òun ló gbẹ́ ẹ.

Inú dìrẹ́tọ̀ dùn, ó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Alédjo. Ó bi Munawwarah pé kí ni wọ́n nílò láti bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ tí inú ń bí," ni Munawwarah wí.

Dìrẹ́tọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Faransé, ó gùn gan-an, kò sì jọ ohun tó sọ.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà padà, obìnrin ará Lyon kan tó wà lára àwọn tó dáwó kọ̀wé. Ó ní ọ̀rọ̀ Alimatou kò kúrò lọ́kàn òun, òun fẹ́ fi aṣọ ìbora ránṣẹ́ sí i. Munawwarah kà á sétí Ìyá Alimatou.

"Bi í pé ọmọ mélòó ló ní."

Munawwarah bi í. Ìdáhùn dé: ọ̀kan ni, ìlú rẹ̀ jìn, ó máa ń wá nígbà Kérésì bí àyè bá gbà á.

"Kérésì èwo?" Ìyá Alimatou mi orí títí. Ó wọlé, ó di kajú yíyan sínú ọ̀rá, ó kún dẹ́nu. "Fi èyí ránṣẹ́ sí i. Sọ fún un pé a óò fi orúkọ rẹ̀ ṣe àdúà."

"Ìyá, owó tí wọ́n á fi gbé e dé Faransé ju owó kajú lọ."

"Ṣé mo bi ọ́ níye ni?"

Munawwarah gbé e dé Bassila. Dìrẹ́tọ̀ wo ọ̀rá náà, ó bi í pé abẹ́ àkọlé wo ni kí àwọn kọ ìnáwó rẹ̀ sí. Munawwarah ní kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ìrànwọ́ fún àwọn aláìní.