Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Bí a bá ti ń sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ara mi kì í lélẹ̀. Màá tú gèlè, màá tún un wé. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọmọkùnrin mi ń wá fi mọ́tò gbé mi l'Ọ̀yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwa àgbà bí a ó ṣe máa rántí nǹkan. Ó ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: bí ìgbàgbé yìí bá fi le sí i, òun ó kó mi wá sọ́dọ̀ òun ní Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, níbi tí orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kí n fi ilé tí mo bímọ sí sílẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní kí n jókòó. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Ó gbé fóònù síwájú mi. Àṣé ọmọ mi ti fi fọ́tò ẹbí ránṣẹ́ sí i láìsọ fún mi.

"Ta nìyí, Mà?"

"Ìbàdíàrán ni." Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, àmọ́ ẹ ò bá rí ìdí yẹn nígbà náà.

"Èyí ńkọ́?"

"Akọ̀wé mi." Àbíkẹ́yìn ilé ọkọ mi nìyẹn. Ọmọ iléèwé ni nígbà tí mo wọlé, tòun ti síléètì lábíyá.

"Orúkọ wọn gan-an ńkọ́, Mà?"

Mo tú gèlè, mo tún un wé. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Inú bí mi.

"Kí lo kọ yẹn? Ìyàwó wo ló ń pe ará ilé ọkọ lórúkọ? Bó jẹ́ ọmọ àná ni, bí wọ́n bá ti bí i kí n tó wọlé, ọkọ mi ni!"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé wa. Mo gbàgbé ni."

"Ó gbàgbé!" Bàbá kan bú sẹ́rìn-ín. "Kó wá jókòó tì wá!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó pa ohun tó kọ rẹ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi, pé mo ṣe dáadáa. Ọmọ mi ní, "Ó dáa, Màmá. Ẹ ṣì máa wà l'Ọ̀yọ́."

Ó yẹ kí n jó. Àmọ́ nínú mọ́tò, mo ní kí n pe àwọn orúkọ náà nínú ọkàn mi, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Ti Ìbàdíàrán yọ wàrà. Ti Akọ̀wé ò yọ. Mo wá a títí. Orúkọ tí ìyá ọkọ mi máa ń pariwo láàárọ̀ láàárọ̀, tí ọmọ náà bá ń fi iléèwé falẹ̀! Mò ń gbọ́ ohùn ìyá náà ketekete, mi ò gbọ́ ohun tó ń pè. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Nígbà tá a délé, Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló jókòó sí ìta ilé mi pẹ̀lú ọsàn tó mú bọ̀.

"Ìyàwó wa!"

"Akọ̀wé mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o!" Mo kúnlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé ọsàn wọlé fún mi.

Mo sáré bá ọmọ mi lẹ́nu géètì kó tó lọ. Mo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí lorúkọ bàbá rẹ kékeré?"

"Ẹ̀yin Màmá yìí!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ mú èmi náà bẹ́ ẹ ṣe mú ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwòsàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ pè é!"

Ó ṣáná sí mọ́tò. Mo di géètì mú, mò ń juwọ́ sí i.